Ta Ló Kọ́kọ́ Gbé Ọkàn Àtọwọ́dá Sáyà?

Ilé ìdáná ni ẹ̀kọ́ wa tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ra odindi ọkàn màlúù kan ní Ọjà'bà. Mo gbé e dé ilé bàbá mi àgbà ní Bẹ́yẹrúnkà, mo tẹ́ náílọ̀n sílẹ̀, mo gba ọ̀bẹ, mo sì pe àwọn ọmọ ilé kí wọ́n wá wò ó. Ó yẹ kí n sọ fún yín pé alápatà ni bàbá mi àgbà. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ń dúńbú màlúù kó tó fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ níbi tí ọkàn wà. Àmọ́ lọ́dún yìí, ọkàn tirẹ̀ gan-an ló ń dà á láàmú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Bó bá sùn gbalaja, kì í lè mí dáadáa, ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń kó sábẹ́ orí. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń gun òkè Màpó láì dúró níbì kan. Ní báyìí, láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí wọ́n ń gbé omi sí, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò sinmi. Àwọn dókítà ní ó ti rẹ ọkàn rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́.

Èmi ni mo ṣí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo ní lókè òkun, wọ́n ti ń yọ ọkàn tó bá bà jẹ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀. Bàbá wò mí. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, kí ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò?"

Mo ní, "Ajá ni, Bàbá. Lẹ́yìn náà, màlúù."

Wọ́n ní, "Màlúù tí wọ́n pa yẹn, ta ló jẹ ẹ́?"

Mi ò rí ìdáhùn fún wọn lọ́jọ́ náà. Èmi tí mò ń kàwé gba dìgírì kejì nínú ìmọ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, tí mò ń lo eku fún ìwádìí, mi ò rí nǹkan sọ. Ohun tí ẹ máa kà yìí ni ìdáhùn mi.

Kí ni ọkàn ń ṣe gan-an?

Ẹ jẹ́ ká la ọkàn màlúù wa. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ là á láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ ó rí yàrá mẹ́rin: méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Bí tiyín náà ṣe rí nìyẹn. Yàrá òkè ni ẹ̀jẹ̀ ń kọ́kọ́ wọ̀, yàrá ìsàlẹ̀ ló ń tì í jáde. Apá ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró kó lè gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Apá òsì ń ti èyí tó ti gba afẹ́fẹ́ lọ sí gbogbo ara, láti àtàrí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ògiri apá òsì fi nípọn ju ti ọ̀tún lọ. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Láàárín yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹ ó rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí nǹkan funfun bí òwú so mọ́ ògiri. Fáàfù nìyẹn. Ilẹ̀kùn ni: ó ń ṣí síwájú, kò gbọdọ̀ ṣí sẹ́yìn. Gbì-gbì, gbì-gbì tí dókítà ń gbọ́ láyà yín, ìró àwọn ilẹ̀kùn yìí ni nígbà tí wọ́n bá ń pa dé.

Nígbà tí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ ń ti ẹ̀jẹ̀ bíi lítà 5 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ ká fi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí gbogbo wa fi ń pọnmi wọ̀n ọ́n. Kẹ́ẹ̀gì kan ní ìṣẹ́jú 5. Kẹ́ẹ̀gì 12 ní wákàtí kan. Kẹ́ẹ̀gì 288 láàárín ọ̀sán kan òru kan. Ẹ ro ti ẹni tó ń ru kẹ́ẹ̀gì 288 lójoojúmọ́, tí kò sinmi ní Sọ́ńdè, tí kò sinmi lọ́jọ́ Iléyá, fún 70 ọdún. Iṣẹ́ tí ọkàn yín, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìkúùkù yín lọ, ń ṣe nìyẹn. Nǹkan bí ìgbà 100,000 ló ń lù lójúmọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìṣòro mẹ́ta ló dojú kọ. Ìkíní, ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ dúró. Ìkejì, kò gbọdọ̀ ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, nítorí àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ pupa rọ̀, bí ẹ̀rọ bá ń gbo wọ́n, wọ́n á bẹ́. Ìkẹta, ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ dì nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá kan ohun àjèjì, ó máa ń fẹ́ dì ni, bí èyí tó dì náà bá sì gba ọ̀nà ọpọlọ lọ, ó di rọpárọsẹ̀.

A lè fi omi dán ìṣòro àkọ́kọ́ wò lórí tábìlì. Àwọn méjì tó kù, lásìkò tí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, wọn ò mọ ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sínú ara alààyè. Ibẹ̀ ni ẹranko ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ajá ló kọ́kọ́ gbé e

Ní 1937, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Moscow tó ń jẹ́ Vladimir Demikhov ṣe ẹ̀rọ kan, ó gbé e sí àyà ajá kó máa ṣe iṣẹ́ ọkàn. Ajá náà wà láàyè fún wákàtí díẹ̀.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1957, Willem Kolff àti Tetsuzo Akutsu fi ọkàn àtọwọ́dá sí àyà ajá mìíràn ní Cleveland, Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 ni ajá náà lò. Kolff yìí kan náà ló ti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń bá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní Netherlands. Àwa ará Ìbàdàn lè fi ohun kan rántí ọdún yẹn: ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá 1957 ni wọ́n ṣí UCH. Oṣù kan kò pé sí i tí ajá Cleveland fi gbé ọkàn ike sáyà.

Ìṣẹ́jú 90 péré. Ẹni tó wọ mọ́tò ní Bẹẹrẹ nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé lè lò jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé Mọ́níyà. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 90 yẹn dáhùn ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ìwé dáhùn: ara lè wà láàyè láìsí ọkàn, bí nǹkan mìíràn bá ṣáà ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri.

Kí ló dé tó fi di màlúù?

Àyà ajá kéré. Ẹ̀rọ tó bá wọ̀ ọ́ kò lè tó àgbàlagbà èèyàn. Ọmọ màlúù ni àwọn onímọ̀ wá yí sí. Àyà rẹ̀ fẹ̀, iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan sì sún mọ́ ti èèyàn. Ó tún ní sùúrù: á dúró, á jẹ koríko, á jẹ́ kí wọ́n so rọ́bà mọ́ òun lára.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ màlúù? Ṣebí ó máa dàgbà ju ẹ̀rọ yẹn lọ ni."

Ẹ wò ó, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìṣòro yìí wà lára èyí tó dá àwọn onímọ̀ lágara jù. Ọmọ màlúù ń dàgbà kíákíá, ẹ̀rọ kì í dàgbà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀rọ tó tó o tẹ́lẹ̀ kò ní tó o mọ́, ẹran náà á sì kú, láìṣe pé ẹ̀rọ bà jẹ́. Alápatà tí kò dé yunifásítì rí i kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi.

Nígbà tí màlúù sọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 1969, ní Houston, Denton Cooley fi ọkàn àtọwọ́dá tí Domingo Liotta ṣe sí àyà Haskell Karp, ẹni ọdún 47. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa fi í sára èèyàn. Wákàtí 64 ni ẹ̀rọ náà fi gbé e ró kí wọ́n tó rí ọkàn ẹni tó ti kú fi rọ́pò rẹ̀. Kò pé ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn tí òun náà fi kú.

Ìwọ̀nba ọmọ màlúù díẹ̀ ni wọ́n ti dán ẹ̀rọ náà wò lára wọn ṣáájú, àwọn ọmọ màlúù náà kò sì pẹ́ láyé. Michael DeBakey, ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún, ní wọn ò gba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Òun àti Cooley di ọ̀tá, ó di 2007 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń gbèjà Cooley pé ọkùnrin náà ti ń kú lọ lórí tábìlì, kò sí ohun mìíràn tí ì bá ṣe. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ màlúù yẹn ló wà lọ́kàn mi jù. Wọ́n ti fi ikú wọn sọ pé ẹ̀rọ náà kò tíì tó gbára lé.

Ohun tí màlúù kò lè sọ

Ní Yunifásítì Utah ni iṣẹ́ náà ti wá gbèrú. Kolff ti kó lọ síbẹ̀, ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Robert Jarvik sì wà lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ibùjẹ ẹran tiwọn. Ọmọ màlúù kan níbẹ̀, tí wọ́n sọ ní Alfred Lord Tennyson, orúkọ akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọkàn àtọwọ́dá fún ọjọ́ 268. Ẹ rántí ìṣẹ́jú 90.

Dókítà eyín kan, Barney Clark, ẹni ọdún 61, ni ọkàn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Kó tó gbà, ó lọ fojú ara rẹ̀ rí àwọn ẹran tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ náà sí láyà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 1982, dókítà oníṣẹ́ abẹ William DeVries fi Jarvik-7 sí i láyà. Ó lo ọjọ́ 112. Rọ́bà méjì ló so ó mọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan tó lé ní kílò 150. Ibi tí ẹ̀rọ bá wà ni òun náà wà.

Ẹni tó tún tẹ̀ lé e tó pẹ́ jù ni William Schroeder. Wọ́n fi tirẹ̀ sí i ní oṣù Kọkànlá 1984, ó sì lo ọjọ́ 620. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ kọlù ú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọkàn ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ ń bà jẹ́. Ní oṣù Kìíní 1990, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà gba àṣẹ tí wọ́n fún ẹ̀rọ náà padà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni kókó ẹ̀kọ́ wa wà. Tennyson kò lè sọ pé orí ń fọ́ òun. Ọmọ màlúù tó ń dúró, tó ń jẹun, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ le. Kò sẹ́ni tó lè bi í bóyá ó ṣì rántí orúkọ ọmọ rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ kékeré tó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, báwo lẹ ṣe máa fi mọ̀ ọ́n lára ẹran tí kò sọ̀rọ̀ rí? Bẹ́ẹ̀ náà ni màlúù kò lè sọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó so mọ́ ògiri tọ̀sán-tòru, tí ìyàwó rẹ̀ ń wò ó.

Ẹranko lè sọ fún wa bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Kò lè sọ fún wa bí ayé ẹni tó ń lò ó ṣe máa rí. Ẹni tó bá fi ìdáhùn àkọ́kọ́ ṣe ìdáhùn èkejì ti tan ara rẹ̀ jẹ, ó sì ti tan aláìsàn.

Wọn ò ju ẹ̀rọ náà nù ṣá o. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì yí ohun tí wọ́n ń lò ó fún padà: kó gbé èèyàn ró títí wọ́n á fi rí ọkàn èèyàn. Ní 2004, FDA fọwọ́ sí i fún ìyẹn, SynCardia ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Michigan, Stan Larkin, lo ọjọ́ 555 pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sí i kò ju nǹkan bíi kílò 6 lọ, inú báàgì ẹ̀yìn ló ń gbé e sí, ó tiẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù inú agbọ̀n. Ní oṣù Karùn-ún 2016 ló gba ọkàn èèyàn.

Ọmọ màlúù tí ọkàn rẹ̀ kò lù

Lẹ́yìn gbogbo èyí, àwọn kan wá béèrè pé: ṣé dandan ni kí ọkàn máa lù? Pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga kì í lù, ó ń yí ni.

Billy Cohn àti Bud Frazier, ní Texas Heart Institute ní Houston, yọ ọkàn ọmọ màlúù kan tó ń jẹ́ Abigail, wọ́n fi pọ́ǹpù méjì tó ń yí sí ipò rẹ̀. Abigail ń dìde, ó ń jẹun. Bí ẹ bá gbé etí lé e láyà, ẹ ò ní gbọ́ gbì-gbì kankan. Ní oṣù Kẹta 2011, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Craig Lewis, ẹni ọdún 55, ó sì lò ju oṣù kan lọ láìsí pé iṣan ọwọ́ rẹ̀ ń mì.

Bàbá ní, "Níbí, òkú ni wọ́n á pe irú ẹni bẹ́ẹ̀."

Láti ibẹ̀ la ti dé ibi tá a wà lónìí. Daniel Timms, ọmọ Ọsirélíà, ṣe ọkàn àtọwọ́dá tó ń jẹ́ BiVACOR. Titanium ni wọ́n fi ṣe é, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń yí nínú rẹ̀, agbára òòfà ló gbé e dúró sínú ẹ̀jẹ̀, kò fara kan ògiri. Kò sí fáàfù, kò sí ibi tí irin ti ń gbo irin, nítorí náà kò sí ohun tó yẹ kó jẹ. Àgùntàn àti ọmọ màlúù ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí lára. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje 2024, wọ́n fi í sí àyà èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Houston, ó sì gbé ẹni náà ró fún ọjọ́ 8 títí ó fi rí ọkàn èèyàn gbà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n fi òmíràn sí ọkùnrin kan ní Sydney. Ó lé ní 100 ọjọ́ tó fi lò ó, ó sì gbé e kúrò nílé ìwòsàn lọ sílé. Láti orí ajá Cleveland dé orí ọkùnrin yìí jẹ́ ọdún 67.

Awọ tí à ń jù nù

Ẹran tiẹ̀ tún wà nínú àwọn ẹ̀rọ kan. Nígbà tí a ń fọ ọkàn tí mo rà, awọ kan wà tó bò ó bí àpò. Àwọn alápatà máa ń ya á sọ nù ni. Awọ yẹn gan-an, láti ara màlúù, ni wọ́n máa ń fi kẹ́míkà pa láró, tí wọ́n á gé, tí wọ́n á rán, tí á di fáàfù fún ọkàn èèyàn. Ilé iṣẹ́ Carmat ní ilẹ̀ Faransé lò ó nínú ọkàn àtọwọ́dá tiwọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí àyà èèyàn, ní Paris, ẹni náà sì lo ọjọ́ 75.

Bàbá dìde jókòó. "Awọ tí à ń jù fún ajá!"

Mo ní, "Òun ni, Bàbá."

Wọ́n ti ń fi fáàfù ẹlẹ́dẹ̀ náà ṣe é láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Irin náà wà, àmọ́ ẹni tó bá gba ti irin gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì títí ayé rẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí ẹ̀yin tó jẹ́ mùsùlùmí bí àwa, àti ẹnikẹ́ni tó bá ní èèwọ̀ ẹran. Bí dókítà bá ní ẹ̀yin tàbí èèyàn yín nílò fáàfù, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé ara ẹran wo ló ti wá, kí ẹ sì mọ ohun tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Nílé níbí ńkọ́?

Ní 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi la ọkàn ní Nàìjíríà, ní Enugu. Lónìí, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ àti láwọn ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ọkàn àtọwọ́dá ń jẹ iná. Bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi gba iná lójoojúmọ́, bó bá sì dúró fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ó parí. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Mo sọ fún Bàbá láìfọ̀rọ̀ pamọ́ pé ẹ̀rọ yìí kò sí fún wọn.

Ohun tó wà fún wọn ni oògùn. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ń jẹ́ lisinopril. Ẹ gbọ́ ibi tí ìdílé oògùn yìí ti ṣẹ̀. Ejò paramọ́lẹ̀ kan wà ní Brazil tí wọ́n ń pè ní jararaca. Àwọn onímọ̀ rí i pé nǹkan kan wà nínú oró rẹ̀ tó ń fa kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Wọ́n wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n ṣe oògùn tó fara jọ ọ́, wọ́n dán an wò lára eku àti àwọn ẹranko mìíràn, ó sì di captopril, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1981. Lisinopril jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, kí ẹrù tí ọkàn ń tì lè fúyẹ́. Kẹ́ẹ̀gì 288 ṣì ni, àmọ́ òkè náà kò ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Níbí, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń mú kí ọkàn rẹ̀ ẹni. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládípọ̀ Akínkúgbè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí rẹ̀ ní UCH. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Bàbá kò yẹ̀ ẹ́ wò rí títí ẹsẹ̀ wọn fi wú.

Òfin alápatà, òfin làbù

Mo ti ń yí ìbéèrè Bàbá po. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ wàyí.

Alápatà ní òfin. A kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran. A kì í dúńbú ọ̀kan níṣojú èkejì. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú. A ó pe orúkọ Ọlọ́run sí i. Èyí tó sì ga jù lọ́dọ̀ Bàbá ni pé ẹran tí a bá pa, a gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́.

Làbù náà ní òfin. Ní 1959, William Russell àti Rex Burch kọ ìwé kan tó fi ohun mẹ́ta lélẹ̀. Bí ohun mìíràn bá wà tó lè ṣe iṣẹ́ ẹranko, lò ó dípò rẹ̀. Bí kò bá sí, má ṣe lò ju iye tó yẹ lọ. Èyí tó o bá sì lò, má jẹ́ kó jẹ ìrora tí kò ní ìdí. Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ wà nínú iṣẹ́ ọkàn àtọwọ́dá fúnra rẹ̀. Lónìí, bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá pọ́ǹpù ń bẹ́ hóró ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ màlúù níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran fún jíjẹ, kí wọ́n jẹ́ kó máa yí ká nínú pọ́ǹpù náà fún wákàtí 6, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò pa ẹran kankan nítorí ìyẹn. Ní yunifásítì pẹ̀lú, mi ò lè fọwọ́ kan eku kan láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ ti ka ètò ìwádìí mi kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ìwé mi pé. Síbẹ̀, gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ìwádìí mi dá lórí sóbò àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́dún tó kọjá, mo pa eku 6 ní ọjọ́ Fáídè. Mo gba ẹ̀jẹ̀ wọn, mo gba ọkàn wọn, mo kó o sí fíríìsà kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò ní Mọ́ńdè. Iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò dé títí di Sọ́ńdè. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ pé kó tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo ṣí fíríìsà, òórùn ló dá mi lóhùn. Mo kọ gbólóhùn kan sínú ìwé ìwádìí mi, mo sì gba eku 6 mìíràn.

Mo sọ èyí fún Bàbá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ìyẹn ni mò ń bi ọ́, Àṣàkẹ́. Ta ló jẹ ẹ́?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, Bàbá."

Ìdáhùn mi nìyí. Nínú làbù, ìmọ̀ ni ẹran. Ajá Cleveland, Tennyson àti Abigail, Stan Larkin jẹ níbẹ̀, ọkùnrin Sydney jẹ níbẹ̀. Ejò Brazil àti àwọn eku tó tẹ̀ lé e, Bàbá ń jẹ tiwọn láràárọ̀ pẹ̀lú ife omi kan. Àwọn ọmọ màlúù 1969, wọ́n sè wọ́n tán, wọn ò fara balẹ̀ jẹ ẹ́. Eku 6 tèmi, mo jẹ́ kí wọ́n rà.

Mo ti padà lọ bá ọ̀gá mi, a sì ti yí ètò náà padà. Ní báyìí, ọjọ́ tí mo bá gba nǹkan lára eku ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. A tún ń fi ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ìrù eku wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, eku kan náà ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, dípò ká máa pa ọ̀wọ́ tuntun. Iye eku tá a máa lò ti dín kù gan-an.

Ẹ̀yin náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ mú bàbá tàbí ìyá yín lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ, kẹ́ẹ̀gì kan. Bí wọ́n bá ti fún wọn lóògùn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró nítorí pé ara ti yá.

Ọkàn màlúù tá a là kò ṣòfò. Màmá mi gé e wẹ́wẹ́, wọ́n fi se ọbẹ̀. Gbogbo wa jẹ níbẹ̀. Wọ́n se ti Bàbá lọ́tọ̀, wọn ò fi iyọ̀ sí i.